Àwòrán Tó Jókòó Dípò Ọkọ

Iléṣà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, 1996.

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Baltimore kò tíì gbé ọ mì? Àwa náà wà níbí lábẹ́ ìṣọ́ Ọlọ́run, àfi ọyẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ la ètè mi kó tó lọ. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni orúnkún àgbà ì bá tún máa ṣe?

Mo gba káàdì Kérésìmesì rẹ. Ìlà mẹ́ta péré ni o kọ sínú rẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ, ọmọ tèmi ń kọ ìlà mẹ́ta sí mi! Mo mú bírò pupa mi, mo fún ọ ní méjì nínú mẹ́wàá. Má bínú, wọ́n lè fún tíṣà lówó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Ọlágòkè, ọdún keje rèé tí o ti kúrò nílé. Nígbà tí a sin bàbá rẹ, o ní ìwé ìgbélùú rẹ kò tíì jáde, pé bí o bá kúrò níbẹ̀ wọn kò ní jẹ́ kí o padà wọlé. Mo gbà. Ṣé ìwé náà ṣì ń bọ̀ ni? Irú ìwé wo ló ń rin ìrìn ìgbín báyìí?

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń ra bàtà iléèwé fún ọmọ. Ìwọ nìkan ni mo bí, ojú mi sì ti ń wo ọ̀nà tipẹ́. Mo ti rí ọmọbìnrin kan. Ìwàlẹwà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Elisha ará Iperindo, ẹni tó ń roko kòkó tó tún ń wa góòlù létí odò. Ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ó wá gba aṣọ ìkórè wa láti rán. Bó ṣe kúnlẹ̀ kí mi tán, tó wá sọ fún mi láìṣojo pé aṣọ tí mo rà kì í ṣe ojúlówó, ni mo mọ̀ pé ìyàwó mi dé. Bàbá rẹ̀ ń wa góòlù lóko, góòlù gidi sì wà nílé rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn wà á lọ. Àwòrán rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí.

Fi àwòrán tìrẹ náà ránṣẹ́, kí n rí i bóyá o ń jẹun. Kí o sì dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Phebe.


Baltimore,
Ọjọ́ ogún, oṣù Karùn-ún, 1996.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì pẹ̀lẹ́ o, orúnkún.

Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Iṣẹ́ ló pọ̀. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń bọ́ wọn lóúnjẹ. Bí mo bá ń nu ẹsẹ̀ arúgbó tí n kò bá tan, ẹsẹ̀ yín ni mo máa ń rí, ó sì máa ń dùn mí pé kì í ṣe ẹsẹ̀ yín.

Àwòrán tí ẹ béèrè rèé. Ẹ rí i pé mo ń jẹun.

Ìwé ìgbélùú ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ní ti ọmọbìnrin náà, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ó sì jọ ẹni tó gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun. N óò kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Ọlágòkè.


Iléṣà,
Ogúnjọ́, oṣù Kìíní, 1997.

Ọkọ ìyàwó,

Ẹ kú oríire o! Ẹ kú ọdún tuntun!

O ní o óò kọ̀wé. Mo retí rẹ títí iṣu tuntun fi dé, títí a fi ṣe ìkórè. Mo kọ lẹ́tà méjì sí ọ, o kò dáhùn ẹyọ kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi ìyá rẹ wá sọ̀rọ̀ dípò rẹ. O ní ojú rẹ̀ fani mọ́ra, o ní ó gbọ́n. Kí ló tún kù tí ọkùnrin ń rò?

Ní Sátidé tó tẹ̀lé Kérésìmesì, a lọ gbé ìyàwó rẹ ní Iperindo. Bọ́lárìnwá àbúrò bàbá rẹ ní òun ni yóò jókòó dípò rẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe bí ọkọ bá wà lókè òkun. Mo ní rárá. Bọ́lárìnwá ti ní ìyàwó mẹ́ta, kó má lọ gbàgbé pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti fi àwòrán rẹ sínú dígí. O sanra bí ọ̀gá báńkì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ń dán! Mo gbé e lé itan nínú mọ́tò títí dé Iperindo, mo sì gbé e ka orí àga ọkọ. Ìwàlẹwà kúnlẹ̀ fún un. Nígbà tó kan kó dé ọ ní fìlà, fìlà bàbá rẹ ló fi dé orí dígí náà. Fìlà ń yọ̀ bọ́, ó ń gbé e padà, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi, torí pé fìlà yẹn kò tíì kúrò nínú àpótí láti ọjọ́ tí a ti sin ẹni tó ni ín.

Nígbà tí a mú un dé Iléṣà, èmi fúnra mi ni mo bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Yàrá rẹ ló ń sùn. Ó ń lọ sí Òṣogbo ní Mọ́ńdè, ó ń padà ní Fúráídè. Bó bá ti dé, á nu eruku ojú àwòrán rẹ, á sì kí i pé, “Ẹ kú ilé o.” Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó wá kù sí ọ lọ́wọ́. Yálà kí o wálé wá rí ìyàwó rẹ, tàbí kí o bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ kó máa bọ̀. Wọ́n ní yóò lọ ṣe àyẹ̀wò ara ní Èkó kí wọ́n tó fún un ní físà. Kò sí wàhálà, ara rẹ̀ le bí òkúta.

Ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ,
Phebe.


Baltimore,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, 1997.

Ìyá mi,

Mo kí yín. Bándélé tí a jọ ń gbélé ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, torí n kò fẹ́ kó gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Inú bí mi nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Mo pariwo nínú yàrá mi bí wèrè. Lẹ́yìn náà mo sunkún, nítorí “bẹ́ẹ̀ kọ́” ló yẹ kí n sọ, n kò sì sọ ọ́.

Àwòrán tí ẹ gbé ka orí àga yẹn ti pẹ́. N kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo fi í ránṣẹ́, ṣòkòtò mi kò dúró nídìí mi mọ́, okùn ni mo fi ń so ó.

Ìyá mi, mo ní kòkòrò éèdì lára. Mo ti kọ ọ́.

Kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé ìgbélùú níbí, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Òfin wọn sọ pé àlejò tó bá ní kòkòrò yìí kò gbọdọ̀ wọlé, kò sì gbọdọ̀ di onílé. Wọ́n dá ìwé mi padà. Wọn kò tíì lé mi, ṣùgbọ́n bí mo bá fi lè fi ẹsẹ̀ kan jáde, ilẹ̀kùn ti nìyẹn. Ìdí tí n kò fi wálé nìyẹn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín.

Ẹ óò ní kí ilẹ̀kùn máa tì, ṣebí ilé wà. Oògùn tuntun kan jáde lọ́dún tó kọjá. Bí mo bá kó gbogbo owó iṣẹ́ mi jọ, tí n kò jẹ, tí n kò san owó ilé, kò lè rà á. Ilé ìwòsàn kan tó ń tọ́jú àwọn aláìní ló ń fún mi. Ọ̀pọ̀ ló dúró dè é, àwọn kan kú kó tó kàn wọ́n. Ó kàn mí ní oṣù Kọkànlá. Ó ní wákàtí tirẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí èèyàn bá ń fò ó, kòkòrò náà á mọ̀ ọ́n lára, oògùn kò sì ní ràn án mọ́. Kò sí i nílé, Ìyá mi. Bí mo bá wálé, a óò jọ jẹun, a óò jọ rẹ́rìn-ín fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ óò sin mí.

Ẹ dá Ìwàlẹwà padà fún àwọn òbí rẹ̀. N kò fojú kàn án rí, kí a má tíì sọ pé mo fọwọ́ kàn án. Kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ má jẹ́ kó fi ìgbà èwe rẹ̀ nu dígí.

Ẹ má kọ̀ mí.

Ọlágòkè.


Baltimore,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà, 1997.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bándélé ní ọwọ́ yín gan-an lòun fi lẹ́tà náà lé, pé ẹ tilẹ̀ se iyán fún òun. Láti ìgbà náà, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà sínú ìwé. Ẹ bú mi. Ẹ fún mi ní òdo nínú mẹ́wàá. Ẹ ṣáà kọ̀wé.

Ọlágòkè.


Iléṣà,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje, 1997.

Àjàní mi,

Mo kí ọ. Mo wá irú ìkíni tó yẹ ẹni tó wà nípò tí o wà, n kò rí i. Mo kàn kí ọ, ọmọ mi.

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì. N kò fi bírò pupa kàn wọ́n.

Mo kọ́kọ́ bínú sí ọ. Mo ní ìwàkiwà wo ni ọmọ mi ń hù nílùú onílùú? Lẹ́yìn náà mo bínú sí ara mi pé mo rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, kí o wálé kíá. Mo ní Ọlọ́run Baltimore náà ni Ọlọ́run Iléṣà. A óò gbé ọ lọ sórí òkè àdúrà, a óò gbààwẹ̀, n óò fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ọ́ bí ìgbà tí mo bí ọ. Mo kọ lẹ́tà náà tán, “Máa bọ̀ nílé,” mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ti dókítà ná.

Òṣogbo ni mo lọ, torí pé ní Iléṣà níbí, èmi ni mo kọ́ ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì ní a-b-d. Mo sọ fún dókítà pé ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Ọmọdé ni dókítà náà, kò ju ọ́ lọ. Ó ní, “Màmá, oògùn yẹn, inú ìwé làwa náà ti ń kà nípa ẹ̀. Kò sí l'Óṣogbo, kò sí n'Íbàdàn. Bóyá olówó kan ń fi bàlúù kó tiẹ̀ wọ Èkó, mi ò mọ̀.” Mo ní bí ọmọ náà bá wá wálé ńkọ́? Ó wò mí títí. Ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín, mà, kó má jẹ́ kó wálé o.” Ojú rẹ̀ ni mo ti rí i pé ó mọ̀ pé kò sí ọ̀rẹ́ kankan.

Mo dé Old Garage, mo jókòó. Àwọn akérò ń pè mí, “Màmá, Iléṣà rèé, ó ku ẹnì kan!” Mọ́tò kún, ó lọ, òmíràn kún, ó lọ. Nígbà tí mo wá délé, mo ya lẹ́tà tí mo lẹ̀ yẹn.

Mo sọ òótọ́ fún Ìwàlẹwà bí o ti ní kí n sọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Màmá, ta ló ń se oúnjẹ fún wọn níbẹ̀?” Mo ní n kò mọ̀. Àwa méjèèjì bá bú sẹ́kún.

Mo mú un padà sí Iperindo. Mo sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ọmọ mi ti fẹ́ òyìnbó, pé kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Elisha bú ọ. Ó bú bàbá rẹ nínú sàréè. Mo kúnlẹ̀ sórí orúnkún tó ń dùn mí yìí, mo ń bẹ̀ ẹ́, àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ń pòṣé lé mi lórí. Irọ́ ni mo pa, èmi tí mo ti na ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí irọ́. Ìwàlẹwà dúró síbẹ̀, kò já irọ́ mi. Ọlágòkè, ó sàn kí wọ́n máa bú ọ ju kí wọ́n máa sá fún orúkọ rẹ. Èébú kì í so mọ́ni lára.

Nítorí náà, má wálé. Èmi tí mo ń fi gbogbo lẹ́tà pè ọ́, èmi náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyá ló ń gbàdúrà pé kí ọmọ sin òun. Èmi ti mú àdúrà tèmi kúrò níbẹ̀. Wà láàyè. Máa lo oògùn rẹ ní wákàtí rẹ̀, kí o sì jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá rẹ ni mí síbẹ̀,
Phebe.


Baltimore,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá, 1997.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, obìnrin aláwọ̀ funfun kan sì fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun.

N óò gbọ́ràn. Ẹ sọ fún Ìwàlẹwà pé èmi fúnra mi ni mo ń se oúnjẹ mi, kò sì dùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè gbà. Bàbá lọ, n kò da erùpẹ̀ sí wọn. Ẹlòmíràn ló ṣe iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá ṣàìsàn, bí ó ti wù kó kéré mọ, ẹ sọ fún mi, mo ń bọ̀. Kí ilẹ̀kùn wọn máa tì. Èmi nìkan ni ẹ bí, èmi ni n óò kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí yín. Ẹ ṣèlérí pé ẹ óò sọ fún mi.

Ọmọ yín,
Ọlágòkè.


Iléṣà,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kìíní, 1998.

Àjàní ọmọ mi,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. Má jẹ́ kí ìwé yìí yà ọ́ lẹ́nu, ọwọ́ Ìwàlẹwà ni. Ẹnu tèmi ló ń sọ ọ́. Ojú mi ló ń ṣú díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara mi le. Mo jẹ iyán lánàá, mo tún bá ẹni tó gún un jà torí pé ó ní kókó.

Bàbá Ìwàlẹwà ní kò gbọdọ̀ wá síbí mọ́. Ọmọ náà ní òun kò wá ọkọ lọ, ìyá lòun ń lọ kí. Kí o má baà rò pé ó ń dúró dè ọ́, tíṣà kan ní Òṣogbo ń wá a bọ̀, Amos ni orúkọ rẹ̀. Mo ti pè é wò. Ó kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn kí. (Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní dandan kí n kọ ọ́.)

Ṣé o ń lo oògùn rẹ? Ṣé o kò fò ó? Dáhùn èyí kí o tó dáhùn ohunkóhun mìíràn.

Ìlérí tí o ní kí n ṣe, mo ti gbọ́.

Ìyá rẹ,
Phebe.


Baltimore,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin, 1998.

Ìyá mi,

Ẹ kú ojú o. Mo ń lo oògùn mi, n kò fò ó rí. Ẹ wá gbọ́ eléyìí: wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n wá kòkòrò náà tì. Wọ́n ní ó ṣì wà níbi tó sá pamọ́ sí, ṣùgbọ́n kò lè yọjú níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá ń ṣọ́ ọ. Mo ti ń sanra. Àwòrán mi tuntun rèé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo yà á, mo búra.

Ẹ ní ẹ ti gbọ́ nípa ìlérí. Gbígbọ́ kọ́ ni mo béèrè. Ẹ kò dáhùn ìbéèrè, torí náà márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo fún yín.

Ọmọ yín,
Ọlágòkè.


Iléṣà,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 1998.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó.

Màmá ti lọ. A ti sin wọ́n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣépè fún mi.

Kì í ṣe ojú ló ń ṣe wọ́n. Jẹjẹrẹ ọmú ni, ó sì ti wà lára wọn láti ìgbà ọyẹ́. Wọ́n mú mi búra lórí Bíbélì bàbá yín pé n kò ní kọ ọ̀rọ̀ kan sí yín títí erùpẹ̀ yóò fi bo pósí. Wọ́n ní, “Olórí kunkun ni. Bó bá gbọ́ báyìí, á wọ bàlúù.” Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n yan ọ̀kan, kí ẹ wá sin àwọn tàbí kí ẹ wà láàyè.

Lẹ́tà yín ti oṣù Kẹrin dé bá wọn láyé. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n tún ibi ẹ̀jẹ̀ yẹn kà, mo tún un kà títí wọ́n fi sùn lọ. Wọ́n gbé àwòrán tuntun náà sún mọ́ ojú, wọ́n ní, “Òun gan-an rèé. Èyí tó jókòó sórí àga yẹn, àlejò ni.” Wọ́n béèrè bírò pupa. Mo fẹ́ bá wọn kọ ọ́, wọ́n kọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá sí i. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi, n óò tọ́jú rẹ̀ fún yín.

Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú. Wọ́n sọ̀rọ̀ yín, n kò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ní ẹ gbàgbé ìyá nítorí òyìnbó. Mo gbé e mì, torí pé Màmá ní kí n gbé e mì. Nígbà tí olùṣọ́-àgùntàn ní kí àkọ́bí jáde wá, Bàbá Bọ́lárìnwá gbéra. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó.” Mo yọ àwòrán yín tuntun nínú Bíbélì mi, mo fi ọwọ́ òsì gbé e dání kí ojú yín lè kọ sí kòtò. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún bu erùpẹ̀. Mo ní, “Màmá, Ọlágòkè rèé o.” Mo dà á. Bàbá mi wà láàárín èrò. Ó wo àwòrán náà, ó wò mí, kò bú yín lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí wọ́n ní kí n kọ sí ìparí. Wọ́n ní bí ẹ bá ti kà á dé ibí yìí, kí ẹ wo aago. Bí àkókò oògùn bá ti tó, kí ẹ fi ẹkún sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ lò ó.

Àbúrò yín,
Ìwàlẹwà.